Àbíkú àti Ẹ̀jẹ̀: Ìtàn Bí A Ṣe Mọ Àṣírí Sẹ́ẹ̀lì Pupa

Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé àbíkú sọ olóògùn dèké. Òwe náà kúrú, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Ìyá bímọ, ọmọ náà ṣe dáadáa fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ni àìsàn bẹ̀rẹ̀. A gbé e tọ babaláwo lọ, a gbé e tọ oníṣègùn lọ, a rúbọ, a ṣètùtù, ara ọmọ náà sì yá fún ìwọ̀nba ìgbà. Nígbà tí ó ṣe, ó kú. Ọdún yípo, ìyá náà tún bí òmíràn, òmíràn náà sì tún tọ ọ̀nà kan náà lọ. Ní ọ̀rúndún ogún ni àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ rí ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìdí tí irú ikú bẹ́ẹ̀ fi ń wọ ilé kan léraléra. Ìtàn bí wọ́n ṣe rí i ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí n là á yéni pé kì í ṣe gbogbo ọmọ tí a pè ní àbíkú ni àrùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ pa. Ibà, ìgbóná, èéyi àti ìgbẹ́ gbuuru pa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ó ń pa ọmọdé ní ilẹ̀ wa, kò sí èyí tí ìwà rẹ̀ jọ ìwà àbíkú tó àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tí mo sì fẹ́ fi hàn nípa rẹ̀ ni èyí: sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́rìí sí ohun kan tí ojú lásán kò lè rí, èyíinì ni pé baba àti ìyá ni ó jọ gbé ohun tí ó pa ọmọ wá. Ẹ̀bi tí a ti ń dì ru ìyá nìkan láti ọjọ́ pípẹ́ kò tọ́ sí i.

OHUN TÍ OJÚ ÀWỌN BABA WA RÍ

Orúkọ tí a ń sọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kún fún ẹ̀bẹ̀, ó sì kún fún ẹ̀gàn pẹ̀lú. Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Rótìmí àti Kòkúmọ́ wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àkísàátán àti Kòsọ́kọ́. Samuel Johnson kó irú orúkọ wọ̀nyí jọ sí apá kan fúnra wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ilé tálákà nìkan ni orúkọ wọ̀nyí wà, nítorí pé Kòsọ́kọ́ ni orúkọ ọba tí ó jẹ ní Èkó láti ọdún 1845 títí di ọdún 1851.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn baba wa. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ṣàkíyèsí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì jẹ́ òtítọ́. Èkíní ni pé ikú náà a máa tẹ̀lé ìdílé. Ó lè wọ ilé kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó má wọ ti aládùúgbò rárá. Èkejì ni pé ọmọ náà kì í ṣàìsàn ní ọjọ́ tí a bí i. Ó ń jẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, àfi lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan kí wàhálà tó dé. Ẹ̀kẹta ni pé àìsàn náà a máa lọ, a sì tún máa bọ̀. Lónìí ọmọ náà ń ké nítorí egungun tí ó ń ro ó, a ti ń ronú ibi tí a ó sin ín sí. Ní ọ̀la ó ti wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìta, ó ń ṣeré. Ibẹ̀ ni orúkọ fòníkú-fọ̀ladìde ti wá. Ẹni tí ó ṣe irú àkíyèsí báyìí kì í ṣe òpè. Ibi tí ọ̀nà ti pín ni ìtumọ̀ tí wọ́n fún ohun tí wọ́n rí: wọ́n ní ọmọ kan ṣoṣo ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀, àti pé ó ní ẹgbẹ́ ní ọ̀run tí ó ń pè é.

Nínú ìtumọ̀ yìí, ìyá ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dà lé lórí. Ẹ wo ilé olórogún kan bí ó ti sábà máa ń rí. Baálé ní ìyàwó mẹ́ta. Àwọn ọmọ ìyáálé yè, àwọn ọmọ ìyàwó kékeré yè, ṣùgbọ́n ìyàwó àárín bí márùn-ún, ó sì sin mẹ́ta. Baba kan náà ni ó bí gbogbo wọn. Ta ni a ó fura sí? Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wò ó yóò sọ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni nǹkan náà ti wá, nítorí pé ọmọ tí baba bí mọ́ àwọn ìyàwó yòókù kò kú. Ẹ̀rí tí ó wà níwájú àwọn ará ilé tọ́ka sí obìnrin náà, kò sì sí ẹni tí ó ní ẹ̀rí mìíràn láti fi gbè é. Nígbà náà ni wọn yóò sọ pé ó rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tí ó wà nínú oyún, tàbí pé ó kọjá ní abẹ́ ìrókò ní àkókò tí kò yẹ, tí ẹgbẹ́ èmèrè fi rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀. Ọmọ náà pàápàá kì í bọ́ nínú ìyà. A máa ń sín gbẹ́rẹ́ sí i lára, a máa ń so ṣaworo mọ́ ọn ní ẹsẹ̀, bí ó bá sì kú, a lè sàmì sí òkú rẹ̀ kí a lè dá a mọ̀ nígbà tí ó bá padà wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé ilé olórogún yìí, nítorí pé a ó padà sí i.

SẸ́Ẹ̀LÌ PUPA ÀTI IṢẸ́ RẸ̀

Ní ọdún 1628 ni William Harvey, oníṣègùn kan ní Ìlú Ọba, tẹ ìwé jáde láti fi hàn pé ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ yí gbogbo ara ká, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì ń padà sí ọ̀dọ̀ ọkàn. Ní ọdún 1665, Robert Hooke fi maikirosikóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, wo èèpo igi, ó rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ó jọ yàrá, ó sì pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 1674, Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Delft ní ilẹ̀ Họ́lándì, fi awò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wo ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ó sì ṣàpèjúwe àwọn ohun roboto pupa tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1838 àti 1839 kí àwọn ará Jámánì méjì, Schleiden àti Schwann, tó sọ ọ́ ní gbangba pé sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ ohun gbogbo tí ó ní ẹ̀mí, ìbáà ṣe ewéko tàbí ẹranko.

Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara, sẹ́ẹ̀lì pupa ni iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn jù lọ láti ṣàlàyé. Alárù ni. Ó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara, nítorí pé kò sí ẹ̀yà ara tí ó lè ṣiṣẹ́ láìsí ọ́síjìn. Ó rí bí àkàrà pẹlẹbẹ tí a fi ìka tẹ àárín rẹ̀ wọnú ní ojú méjèèjì. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, fífẹ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa kan kò ju bí 8 nínú rẹ̀ lọ. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí ó tó kí ó kún àpótí tí ó jẹ́ mìlímítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní òró sì ní nǹkan bíi 5,000,000 wọn nínú. Mùdùnmúdùn inú egungun ni ó ń ṣe wọ́n, ó sì ń ṣe ju 2,000,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí ó tó gbó.

Ohun méjì nípa alárù yìí ni ó ṣe pàtàkì fún ìtàn wa. Èkíní ni pé ara rẹ̀ rọ̀. Ó di dandan kí ó rọ̀, nítorí pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó kéré jù lọ nínú ara há ju sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀ lọ; ńṣe ni ó ń ká ara rẹ̀ kò kí ó tó lè kọjá. Èkejì ni pé inú rẹ̀ kún fún èròjà pupa kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní himogilóbíìnì. Èròjà yìí ni ó ń di ọ́síjìn mú, òun ni ó sì ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo, ẹyọ èròjà yìí tó nǹkan bíi 270,000,000. Bí èròjà náà bá bàjẹ́, alárù náà bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀DỌ́MỌKÙNRIN ARÁ GRENADA

Kì í ṣe ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti kọ́kọ́ kọ àkọsílẹ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni ó pọ̀ sí. Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni. Ní ọdún 1904, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Walter Clement Noel fi erékùṣù Grenada sílẹ̀ lọ sí Chicago láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín. Ọmọ ìran àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni. Ní ìparí ọdún náà ó ṣàìsàn, wọ́n sì gbà á sí ilé ìwòsàn. Ernest Irons, dókítà kékeré kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ awò, ó sì rí i pé púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ gùn, wọ́n sì tẹ̀ bí dòjé tí a fi ń kórè ọkà. Ó fi wọ́n han ọ̀gá rẹ̀, James Herrick. Ọ̀gá náà kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ó ṣọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà fún ọdún bíi mélòó kan, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1910.

Noel parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sí Grenada ní ọdún 1907, ó sì ń tọ́jú eyín àwọn ará ìlú rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1916 nípasẹ̀ àrùn òtútù àyà. Ẹni ọdún 32 ni. Nínú ìwé tí Herrick kọ, a kò rí orúkọ rẹ̀; ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn òpìtàn wá a rí.

Ní ọdún 1922, Verne Mason fún àrùn náà ní orúkọ tí ó ń jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì títí di òní, láti ara dòjé yẹn náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1917 ni mo kà sí pàtàkì jù. Victor Emmel ń yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan tí ó ní àrùn yìí wò. Ó gba ẹ̀jẹ̀ baba obìnrin náà pẹ̀lú, ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tí kò ní àìsàn kankan. Ó fi ẹ̀jẹ̀ náà pamọ́ sí abẹ́ gíláàsì fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí ó sì tún wò ó, sẹ́ẹ̀lì baba náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí dòjé.

Emmel kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dé góńgó. Àwa tí a mọ ìtàn àbíkú lè rí ìtumọ̀ rẹ̀ kíákíá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹ̀rí kan jáde tí ó tọ́ka sí baba. Ọkùnrin kan lè lágbára, kí ó máa roko, kí ó máa jó, kí ó má sì mọ̀ pé ohun tí ó ń da ọmọ òun láàmú wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun náà.

Ní ọdún 1927, Hahn àti Gillespie fi hàn pé bí ọ́síjìn bá dínkù ni sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí fi ń tẹ̀, àti pé bí ọ́síjìn bá padà, púpọ̀ nínú wọn a tún padà sí roboto. Fòníkú-fọ̀ladìde wà nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an kí ó tó hàn ní ara ọmọ.

ỌDÚN 1949

Bí ọdún kan bá wà tí a lè pè ní ọdún ìlàjú nínú ìtàn yìí, ọdún 1949 ni. Ní ọdún náà, James Neel ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àrùn náà wò, ó sì fi hàn pé baba àti ìyá ni ó ń ní àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. E. A. Beet, dókítà ìjọba kan tí ó ṣiṣẹ́ ní Northern Rhodesia tí a ń pè ní Zambia lónìí, rí ohun kan náà ní tirẹ̀ láìgbọ́ ti Neel. Ọ̀rọ̀ náà di mímọ̀: ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní àbùdá méjì fún èròjà pupa, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí méjèèjì rẹ̀ pé ni AA. Ẹni tí ọ̀kan pé tí ọ̀kan sì tẹ̀ ni AS; kò ní àìsàn. Ẹni tí méjèèjì tẹ̀ ni SS. Òun ni àrùn mú.

Bí AS bá fẹ́ AS, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oyún bá dúró dà bí ìgbà tí baba da owó ẹyọ kan sílẹ̀ tí ìyá náà sì da ọ̀kan. Ọ̀nà mẹ́rin ni owó ẹyọ méjèèjì lè gbà balẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́rin yóò jẹ́ AA, méjì yóò jẹ́ AS, ọ̀kan yóò jẹ́ SS. Owó ẹyọ kò sì ní ìrántí. Bí ó ti balẹ̀ ní àná kò sọ bí yóò ti balẹ̀ lónìí. Nítorí náà tọkọtaya kan lè bí SS mẹ́ta léra, kí tọkọtaya mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ wọn rí bákan náà bí mẹ́rin kí ọ̀kan má kú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé olórogún wa báyìí. Ká ní AS ni baálé. Ká ní AA ni ìyáálé, tí ìyàwó kékeré náà jẹ́ AA. Kò sí bí ọmọ tí ó bí mọ́ àwọn wọ̀nyí ṣe lè jẹ́ SS. Ká wá ní ìyàwó àárín jẹ́ AS bí ọkọ rẹ̀. Òun nìkan ni yóò máa sin ọmọ nínú ilé náà. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò burú ju ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ lọ. Ìdajì ni òun mú wá, ìdajì ni ọkọ mú wá. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọkọ ní ibòmíràn tí ẹ̀rí rere wà fún un, tí ìyàwó kò sì ní, òun ni a pè ní ìyá àbíkú. Àwọn tí ó dá a lẹ́bi kò purọ́ nípa ohun tí wọ́n rí. Ètò ilé ni ó fi ìdajì ẹ̀rí pamọ́ fún wọn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949 yẹn náà ni Linus Pauling, pẹ̀lú Itano, Singer àti Wells ní California, tẹ iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n tú èròjà pupa jáde nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n sì jẹ́ kí iná mànàmáná fà á. Èròjà AA lọ ní ìwọ̀n tirẹ̀, ti SS lọ ní ìwọ̀n mìíràn. Ti AS pín sí ọ̀nà méjì: apá kan bá ti AA lọ, apá kejì bá ti SS lọ. Báyìí ni a ṣe fi ojú rí ogún baba àti ogún ìyá nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo.

Ó kù kí a mọ ohun tí ó yàtọ̀ nínú èròjà náà. Ní Cambridge, láàárín ọdún 1956 sí 1957, Vernon Ingram gé e wẹ́wẹ́, ó sì fi ti AA wé ti SS. Bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn ni èròjà yìí rí: okùn mẹ́rin ni ó wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, méjì jẹ́ irú kan, méjì jẹ́ irú kejì. Lórí irú kejì, ìlẹ̀kẹ̀ 146 ni ó wà. Ìlẹ̀kẹ̀ kan péré ni Ingram rí tí ó yàtọ̀, èyí tí a mọ̀ nísinsìnyí pé ó wà ní ipò kẹfà: níbi tí ti AA ti ní glutamic acid, valine ni ó wà nínú ti SS. Àwọn 145 yòókù bára mu láìyẹ̀.

BÍ ÌLẸ̀KẸ̀ KAN ṢE Ń DA GBOGBO ARA RÚ

Ìlẹ̀kẹ̀ kan yìí a máa mú kí àwọn ẹyọ èròjà pupa lẹ̀ mọ́ ara wọn nígbà tí wọ́n bá ti sọ ọ́síjìn sílẹ̀. Wọn a tò jọ di ọ̀pá gbọọrọ nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀pá náà a sì na sẹ́ẹ̀lì náà títí yóò fi tẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó le kò lè ká ara rẹ̀ kò mọ́. Ó há sí ẹnu iṣan tóóró, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn kọlù ú, ọ̀nà sì dí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ ni ó ń ké ìrora.

Bí ó bá dí nínú egungun, ọmọ náà a máa japoró. Nínú ọmọ ọwọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ a máa wú. Bí ó bá dí nínú ẹ̀dọ̀fóró, èémí a há. Bí ó bá dí nínú ọpọlọ, apá kan ara lè rọ. Ẹ̀yà kan wà ní abẹ́ ìhà òsì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sẹ́ ẹ̀jẹ̀ kí ó sì pa kòkòrò àrùn; nínú ọ̀pọ̀ ọmọ SS ó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, èyí ni ó fi jẹ́ pé àrùn tí ọmọ mìíràn yóò là já ni ó ń pa wọ́n. Kíndìnrín kò lè fi omi pamọ́ bí ó ti yẹ, nítorí náà ọmọ náà a máa tọ̀ sí orí ẹní títí ó fi dàgbà. Ó dùn mí láti sọ pé ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ti nà lẹ́gba nítorí èyí. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti tẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó fọ́. Dípò 120 ọjọ́, ọjọ́ 10 sí 20 ni ó ń lò. Ẹ̀jẹ̀ a dínkù, ẹyinjú a pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Òtútù, òùngbẹ àti ibà a sì máa ru gbogbo rẹ̀ sókè.

Kí ni ó dé tí ọmọ náà fi ń ṣe dáadáa ní oṣù àkọ́kọ́? Ní ọdún 1948, Janet Watson ní New York ṣàkíyèsí pé sẹ́ẹ̀lì ọmọ tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ inú oyún ní irú èròjà pupa tirẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti àgbà, èyí tí ìlẹ̀kẹ̀ búburú yẹn kò sí nínú rẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbí, ti àgbà a ti gba ipò rẹ̀. Àwọn baba wa ní àbíkú a máa tan òbí rẹ̀ jẹ fún ìgbà díẹ̀. Àkíyèsí wọn tọ̀nà, sẹ́ẹ̀lì ni ó fi ìdí rẹ̀ hàn.

Ẹ̀RÍ LÁTI ÌBÀDÀN

Ìbéèrè kan kù. Bí ohun yìí bá ń pa ọmọdé tó bẹ́ẹ̀, èé ṣe tí kò fi tán láàárín wa? Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ti ń sọ ní ìgbà náà pé àrùn ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni, bí ẹni pé àbùkù kan wà nínú ẹ̀yà wa. Ní ọdún 1954, Anthony Allison, ọmọ òyìnbó tí ó dàgbà ní Kenya, tẹ ẹ̀rí jáde láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà pé àwọn ọmọ AS kì í ní kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ tó àwọn yòókù, àti pé ibi tí ibà bá ti pọ̀ ni AS ti pọ̀. A rí i ní ilẹ̀ Gíríìsì, ní Sicily, ní Lárúbáwá àti ní Íńdíà pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀.

Bí AS ṣe ń dáàbò bo ọmọ ni a rí ìmọ́lẹ̀ sí ní Ìbàdàn. Lucio Luzzatto, ará Ítálì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, fi hàn ní ọdún 1970 pé nínú ẹ̀jẹ̀ AS, sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ibà bá wọ̀ a máa yára tẹ̀ ju èyí tí kòkòrò kò wọ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá tẹ̀ ni ara ń tètè mú kúrò, ó sì ń mú kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀ kúrò pẹ̀lú. Nínú ilé tí ikú ti ń mú ọmọ SS lọ, ohun kan náà tí ó ṣẹ́kù ní ìdajì sí ara àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ibà pa wọ́n. Dúrójayé tí ó dúró lè jẹ́ ẹni tí ogún kan náà gbà là.

Ogún yìí bá àwọn ènìyàn wa dé òkè òkun. Àmì irú kan tí ó wà lára àbùdá náà ní agbègbè Nàìjíríà àti Benin ni àwọn onímọ̀ tún rí ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil àti láàárín àwọn ará erékùṣù Caribbean, níbi tí a kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Àwọn onímọ̀ wa kò ká ọwọ́ gbera. Ní ọdún 1971, Abáyọ̀mí Sófowórà, ẹni tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa egbòogi ní Ifẹ̀, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi gbòǹgbò igi àta, èyí tí a fi ń rin orín, lè mú sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ padà sí ipò nínú ìgò àyẹ̀wò. Ó jẹ́ ìṣírí, ṣùgbọ́n inú ìgò kì í ṣe inú ara. Ní ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí hydroxyurea fún àrùn náà, oògùn tí ń mú kí ara máa ṣe èròjà pupa ti ìgbà ọmọdé padà. Ní òpin ọdún 2023, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tí ń tún àbùdá ṣe nínú mùdùnmúdùn. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà iye owó rẹ̀ ju 2,000,000 dọ́là lọ fún ẹnì kan. Títí di ìgbà tí irú rẹ̀ yóò fi dé ọwọ́ àwọn tí ó nílò rẹ̀ jù, kí a tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, kí a dáàbò bò ó lọ́wọ́ ibà àti kòkòrò àrùn, kí a má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́, ni ó ń gba ẹ̀mí là.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ báyìí kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra kí ẹ̀bi àtijọ́ má baà gba ẹnu ọ̀nà tuntun wọlé. Mo ti gbọ́ tí a ń sọ nípa ọ̀dọ́mọbìnrin pé AS ni, bí ẹni pé ó lárùn, kí a má sì béèrè ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń fẹ́ ẹ jẹ́. AS kì í ṣe àrùn. AS kan ṣoṣo kò lè bí SS bí ẹnì kejì bá jẹ́ AA. Ẹ̀jẹ̀ méjì ni kí a máa wò nígbà gbogbo.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn orúkọ àbíkú gẹ́gẹ́ bí apá kan àṣà wa, ẹ má ṣe kọ́ wọn láti fi àwọn tí ó sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn òbí náà rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí kò sí ìwé. Kí ẹ sì fi kún un pé ìyá tí ó sin ọmọ mẹ́ta ní ilé ọkọ kò rin ìrìn ọ̀sán gangan kankan tí ó pa wọ́n. Ìdajì ni ó mú wá. Ẹni tí ó mú ìdajì kejì wá kò mọ̀, a kò sì bi í léèrè.